Ọjọ́ Tí Àwa Obìnrin Ìgàndò Gun Òkè Olúmọ

Bí ẹ bá ti dé Ìgàndò rí, ẹ óò mọ̀ pé ilẹ̀ àwọn Àwórì tí à ń gbé yìí tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Láti Ìkọ̀tún títí dé Ẹ̀gbẹ̀dá, kò sí òkè kan tí ènìyàn lè kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé ìdí rẹ̀ kí ó ní kí wọ́n jẹ́ kí a gùn ún. Òkè tí àwa mọ̀ kò ju àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ obìnrin àdúgbò wa ń wá ibi tí a lè lọ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ẹnì kan sì dárúkọ òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta, inú ọ̀pọ̀ nínú wa dùn. Ṣùgbọ́n kí a tó dìde ní ìpàdé ọjọ́ náà, ìjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí ó fa àríyànjiyàn ni pé ojúbọ wà lórí òkè náà. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ni gbogbo wa, a sì ní àwọn tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣeré. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní kí ni obìnrin tí ó ti gba Jésù ń wá ní ẹnu ọ̀nà òrìṣà, ṣé omi òkun ti gbẹ ni, tí a kò fi lè lọ sí etí òkun bí àwọn ẹgbẹ́ yòókù? Ariwo sọ. Nígbà náà ni ọ̀kan nínú wa tí ó ti gbé ní ilẹ̀ Màlésíà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó ní lẹ́bàá Kuala Lumpur, olú ìlú wọn, òkè olókùúta kan wà tí wọ́n ń pè ní Batu Caves. Inú ihò rẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ti ń bọ òrìṣà wọn tí ń jẹ́ Murugan. Àtẹ̀gùn 272 ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé ẹnu ihò náà. Bí ọdún wọn tí ń jẹ́ Thaipusam bá dé, ní oṣù kìíní tàbí oṣù kejì, àwọn obìnrin wọn a ru ìkòkò wàrà sórí, wọn a sì fi ẹsẹ̀ lásán gun gbogbo àtẹ̀gùn náà láti san ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́. “Mo dúró, mo wò wọ́n,” ni ó wí. “Bí mo ti ń wò wọ́n ni mo ń rántí àwọn ìyá wa tí ń ru omi odò. Kò sí ẹni tí ó ní kí n bọ ohunkóhun. Bàtà nìkan ni wọ́n ní kí n bọ́.”

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò parí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó parí rẹ̀ ni Màmá tí ó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tí ó ti lé ní 70 ọdún, tí ó jẹ́ ìyá ìjọ, tí gbogbo wa sì mọ̀ pé kì í fara mọ́ ohun tí ó bá ti ní òórùn ìbọ̀rìṣà. Ó ní, “Èmi yóò lọ.” Kò sọ ìdí rẹ̀, a kò sì lè bi í. Báyìí ni a ṣe dá owó, tí a sì háyà bọ́ọ̀sì kan.

Kí n tó máa bá ìtàn mi lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ óò mú dání bí ẹ bá fẹ́ lọ. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀, bíi bàtà kanfáàsì. Ọ̀kan nínú wa wọ bàtà gogoro nítorí fọ́tò, ọwọ́ ni ó fi gbé e láti ìdajì ọ̀nà títí tí a fi sọ̀ kalẹ̀. Ìró àti bùbá dára lójú, ṣùgbọ́n ìró a máa tú lórí àpáta. Gáùn tí kò gùn jù tàbí ṣòkòtò ni ó yẹ. Ẹ gbé omi lọ, ẹ dé fìlà tàbí kí ẹ wé gèlè tí yóò bo iwájú orí. Bí ẹ bá mú ọmọdé dání, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sáré ṣíwájú yín, nítorí kì í ṣe gbogbo etí òkúta ni ó ní ohun tí ènìyàn lè dì mú. Ẹ sì yẹra fún ọjọ́ òjò. Oṣù kọkànlá ni àwa lọ, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀.

A kúrò ní Ìgàndò ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. A gba Ẹ̀gbẹ̀dá já sí Ìyánà Ìpájà, a sì bọ́ sí títì Abẹ́òkúta. Àwọn kan ti kọ́kọ́ ní kí a wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun, èyí tí a ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021, tí ó ń gba Abẹ́òkúta kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kúlà oúnjẹ mẹ́ta tí yóò gbé kò ní fẹ́ máa sọ̀, kí ó tún máa gòkè. A kọjá ní Abúlé Ẹ̀gbá, a kọjá ní Sángo Ọ̀tà, a rí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò. Nígbà tí ó ṣe, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ó ń wálẹ̀, òkúta dúdú sì ń yọ orí láàárín ilé. Àwọn tí wọ́n ń sùn jí. A ti dé Abẹ́òkúta.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹ̀gbá kan ni afinimọ̀nà wa, ọmọ tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí ó sì ní ọ̀wọ̀. Ó kúnlẹ̀ kan kí Màmá wa kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó sọ fún wa pé àpáta Olúmọ ga ní mítà 137 bí a bá wọ̀n ọ́n láti ojú òkun. Ẹ má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ ni ẹ óò fi ẹsẹ̀ gùn, nítorí ìlú fúnra rẹ̀ ti wà ní òkè díẹ̀. Ní 1976 ni a sọ ibẹ̀ di ibi ìgbafẹ́ fún àlejò. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn tún un ṣe ní 2006, wọ́n kọ́ àtẹ̀gùn tuntun, wọ́n sì fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí i. Ṣùgbọ́n àwa ti bá ara wa sọ ọ́ láti ilé pé ẹsẹ̀ ni a ó fi gùn ún, pẹ̀lú Màmá náà. A ní bí ó bá rẹ̀ ẹ́, a óò jókòó tì í.

Ọ̀nà méjì ni àwọn Ẹ̀gbá ń gbà túmọ̀ orúkọ náà. Àwọn kan ní Olúwa ni ó mọ àpáta yìí bí ènìyàn ti ń mọ ilé. Àwọn mìíràn ní ibẹ̀ ni Olúwa fi ìyà wọn mọ, tí wọn kò tún sá mọ́. Èyí èkejì ni ó wọ̀ mí lọ́kàn, nítorí ìdí tí wọ́n fi ń sá. Ní àkókò ogun Òwu, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé 1820, ni a pa àwọn ìlú Ẹ̀gbá run ní igbó Ẹ̀gbá, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó ṣẹ́kù bá àwọn mìíràn gbé ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò rọgbọ fún wọn. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá sí abẹ́ àpáta yìí, ní ibi tí a ń pè ní Oko Àdàgbà, nítorí pé oko ará Ìtokò kan tí ń jẹ́ Àdàgbà ni. Ìgbà tí ìlú náà kún ni ó di Abẹ́òkúta. Ní 1834 ni àwọn Òwu, tí ogun ti ba ìlú tiwọn náà jẹ́, dara pọ̀ mọ́ wọn.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ rọrùn, ẹnu wa sì ń dùn. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà há láàárín òkúta méjì, a ní láti to ara wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a fi ọwọ́ ti àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òkúta náà tutù, bí oòrùn tilẹ̀ ti yọ. Ariwo dín kù. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn a máa ti ẹni tí ó wà níwájú, a sì ń bi Màmá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé ṣé kò rẹ̀ ẹ́. Ní ìgbà kẹta, ó ní kí a fi òun lọ́rùn sílẹ̀.

Báyìí ni a dé abẹ́ ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí. Ẹ má ṣe rò ó bí ihò tí ó jìn wọ inú ilẹ̀. Àpáta ńlá kan ni ó nà jáde bí òrùlé, tí ènìyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó lè wọ abẹ́ rẹ̀. Afinimọ̀nà wa sọ ìtàn àwọn olórí ogun, ibi tí wọ́n ń jókòó sí, bí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ̀tá láti ibẹ̀, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó na ìka sí ilẹ̀, ó ní, “Ibí ni wọ́n ti ń lọ ata,” ó sì fẹ́ kọjá lọ.

Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró. Àwọn kòtò wẹ́wẹ́ ni, nínú òkúta líle, tí inú wọn ń dán bí inú àwo. Ẹni tí ó bá ti lọ ata rí lórí ọlọ mọ̀ bí ó ti ń pẹ́ tó kí ọlọ tó jẹ díẹ̀. Ẹni tí ó sá fún ogun fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́ta kò lè lọ òkúta títí yóò fi di kòtò. Èyí fi yé mi pé ìgbé ayé ni wọ́n gbé níbẹ̀, pé àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ń jí lójoojúmọ́ ní abẹ́ òrùlé òkúta yìí, tí wọ́n ń wá ohun tí àwọn ọmọ yóò jẹ, tí àwọn mìíràn nínú wọn lóyún, tí àwọn mìíràn bímọ. Mo bi afinimọ̀nà pé, báwo ni wọ́n ti ń dáná tí ọ̀tá kò fi rí èéfín wọn? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni kankan kò tíì bi òun rí. Mo gbà á gbọ́, nítorí àwọn ọkùnrin ni wọ́n sábà máa ń béèrè ọ̀rọ̀ ogun, ọ̀rọ̀ idà àti ìbọn ni wọ́n sì ń béèrè.

Nítòsí ibẹ̀ ni ojúbọ Olúmọ wà. Ó ní ilẹ̀kùn, àmì ẹbọ sì hàn lára rẹ̀. Afinimọ̀nà wa kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ sún mọ́ ọn kí ó sún mọ́ ọn, ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó dúró ní abẹ́ igi. Ẹni tí ó jà ní ìpàdé dúró ní abẹ́ igi lóòótọ́, pẹ̀lú àwọn mẹ́rin mìíràn, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí pé wọn kò gbàdúrà kíkankíkan bí ẹni tí ń bá ojúbọ ẹlòmíràn jà. Èmi sún mọ́ ọn níwọ̀n. Kí n má purọ́ fún yín, ara mi kò balẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì mí pé ara mi kò balẹ̀, nítorí àwọn tí wọ́n sá dé ibí kò ní ẹlòmíràn tí wọn yóò ké pè ní ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wọn ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gba Bíbélì àti Kùránì ní ilẹ̀ yìí.

Nígbà tí mo wẹ̀yìn, mo rí Màmá wa. Kò lọ sí ìdí ojúbọ, kò sì lọ sí abẹ́ igi. Ó ti jókòó sórí òkúta lẹ́bàá àwọn kòtò ata náà, ó sì ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú ọ̀kan. Mo jókòó tì í. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ará Ìtokò ni ìyá mi.” Ó ní bí ọdún bá dé, ìyá òun a máa wọ aṣọ funfun bá àwọn ẹbí rẹ̀ wá síbí. Ní ọdún tí òun ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìrìbọmi, ìyá náà ní kí òun kàn sin òun dé ìdí òkè, kí òun bá òun gbé igbá, nítorí pé orúnkún ń dùn ún. “Mo ní n kò ní fi ọwọ́ kan igbá òrìṣà. Mo sọ ọ́ lójú àwọn ènìyàn.” Ìyá náà gbé igbá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò bínú, kò sì tún bẹ òun mọ́ títí ó fi kú. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú, ṣùgbọ́n Màmá gbọn orí. Ó ní kí n fa òun dìde, kí a máa gòkè.

Àwọn ìyá olórìṣà kan ní ilé wọn lára àpáta náà, ẹ óò rí i bí ẹ bá ń kọjá. Ẹ kí wọn. Ẹ má ṣe na kámẹ́rà sí wọn lójú láìgba àyè, nítorí inú ilé onílé ni ẹ wà.

Orí òkè pátápátá fẹ̀, ó sì mọ́. Afẹ́fẹ́ fẹ́ gèlè lórí wa. Gbogbo Abẹ́òkúta wà nísàlẹ̀, òrùlé páànù aláwọ̀ ilẹ̀ lọ bẹẹrẹ, odò Ògùn ń kọ yànràn. Afinimọ̀nà fi ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké hàn wá. Ó fi ìhà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì gbà wá hàn wá, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta 1851. Ẹ óò ti gbọ́ pé obìnrin wà nínú ogun Dàhòmì, àwọn tí a kọ́ ní ìbọn àti idà láti kékeré. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá rí i pé obìnrin ni wọ́n ń bá jà, ó dùn wọ́n, wọ́n sì túbọ̀ gbóná. A lé Dàhòmì padà, wọ́n tún wá ní 1864, a tún lé wọn. Ní ìgbà kejì yìí, Ẹfúnróyè Tinúbú, ẹni tí a lé kúrò ní Èkó ní 1856, wà nínú àwọn tí ó pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun, a sì fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Orúkọ rẹ̀ ni gbàgede Tinúbú ní Èkó ń jẹ́.

Níhìn-ín ni mo ti bá afinimọ̀nà wa jiyàn díẹ̀, nítorí ó yin Tinúbú láìdá ẹnu dúró. Òwò ẹrú wà nínú ohun tí ó fi kó ọrọ̀ jọ. Àwọn tí ogun lé dé abẹ́ àpáta, tí ìbẹ̀rù ìkónilẹ́rú kò jẹ́ kí wọ́n sùn, ni wọ́n wá di ẹni tí ń fi ẹrú ro oko. Mo rò pé ó yẹ kí a sọ méjèèjì fún àwọn ọmọ wa lórí òkè kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dákẹ́, ó ní, “Òótọ́ ni, Mọ̀mí,” ó sì na ìka sí ààfin Aké. Inú mi dùn sí ohun tí ó sọ tẹ̀ lé e: bí àwọn obìnrin ọlọ́jà ti yí ààfin náà ká ní 1947 nítorí owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sì ṣáájú wọn, títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní 1949. Ó padà wá ní 1950, ṣùgbọ́n a ti yọ owó orí náà kúrò lọ́rùn àwọn obìnrin. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń tajà ní ọjà Ìgàndò. Nígbà tí ó dé ibi owó orí, wọ́n pàtẹ́wọ́.

A sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀sán, orúnkún wa ń gbọ̀n. A jẹ ìrẹsì ọ̀fàdà tí a gbé wá láti ilé. Àwọn tí wọ́n fẹ́ láfún Ẹ̀gbá sì wá a lọ. Lẹ́yìn náà, a dé ọjà Ìtòkú, ibi tí àdìrẹ ti ń bẹ ní òkìtì. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Aṣọ tí ilé iṣẹ́ òkèèrè tẹ àwòrán àdìrẹ lé lórí pọ̀ láàárín ojúlówó. Ẹ yí aṣọ náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí àwọ̀ bá ti ṣá ní ẹ̀yìn, tí àmì kọ̀ọ̀kan sì bára mu láìyẹ̀ bí ìwé ìtẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ aláró. Màmá wa ra ọ̀pá márùn-ún aṣọ aláró dúdú, kò sì ná an ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé Sángo, súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ sì dá wa dúró. Àwọn tí wọ́n kọrin ní òwúrọ̀ ti ń hanrun. Ẹni tí ó dúró ní abẹ́ igi ni ó jókòó ti Màmá, ó sì ń fi òróró pa orúnkún rẹ̀. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Nígbà tí a dé Ìgàndò, tí mo sin Màmá dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ní kí n fi nọ́ńbà ọ̀dọ́mọkùnrin afinimọ̀nà náà ránṣẹ́ sí òun ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó fẹ́ kí ó bá òun béèrè ní Ìtokò bóyá agbolé ìyá òun ṣì wà níbẹ̀, àti ta ni ó ń gbé igbá náà nísinsìnyí.